Ọjọ́ 28: Àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan láàárín àwọn Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ kéà ní Ẹ́ńgílándì

Oṣù kejì ọdún 2022 ni ìjọba Ìlú Ọba ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó bá fẹ́ wá ṣiṣẹ́ kéà, ìyẹn iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó àti aláìlera nílé wọn tàbí nílé ìtọ́jú. Ẹni tó bá rí ilé-iṣẹ́ tó ní láísẹ́ǹsì láti gba òṣìṣẹ́ òkèèrè, tí wọ́n sì fún un ní CoS, ìyẹn ìwé tí ilé-iṣẹ́ fi ń jẹ́rìí pé òun fẹ́ gbà á síṣẹ́, á gba físà, á sì kó ọkọ tàbí aya àtàwọn ọmọ rẹ̀ dání. Tíṣà ta ilẹ̀, òṣìṣẹ́ báńkì ta mọ́tò, gbogbo wọn sì gbéra. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, ìjọba ní oníṣẹ́ kéà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé kò gbọdọ̀ kó ẹbí wá mọ́. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn náà pa mọ́ ẹni tó bá ń ti òkèèrè bọ̀. Àárín ọjọ́ méjèèjì yìí ni ohun tí mo fẹ́ kọ ti ṣẹlẹ̀.

Ènìyàn mẹ́ta ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Abiyamọ kan ni àkọ́kọ́, tíṣà ni nílé, òun àti ọmọ rẹ̀ méjì ti wọ Ẹ́ńgílándì kí òfin tó yí, ọkọ rẹ̀ sì kù sílé. Àǹtí ni akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń pè é, Àǹtí náà ni n ó sì máa pè é níhìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ni ẹnì kejì: ọmọ Yorùbá ni, ó wá gba oyè másítà nínú antropọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ tó ń wádìí bí ọmọ ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀, bí wọ́n ṣe ń fẹ́ra, bí wọ́n ṣe ń jẹra wọn lówó. Èmi ni alábòójútó rẹ̀. Ẹnì kẹta ni màmá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí tọmọdé tàgbà nínú ìjọ rẹ̀ ń pè ní Mọ́mì. Mo ti pa àwọn nǹkan kan dà, mi ò sì ní dárúkọ ìlú, kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ̀ pé mò ń kọ ọ́, tí wọ́n sì gbà.

Àjọ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, ti kọ̀wé nípa èésú wa ní ọdún 1952, àwọn ará Trinidad sì ń dá susu tiwọn títí di òní. Ohun tó jẹ́ tuntun ni àwọn tó ń dá a: àwọn obìnrin tí wọ́n dé láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, tí kò sí ẹni tó mọ bàbá ẹnìkejì rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi owó oṣù lé ara wọn lọ́wọ́ lórí WhatsApp. Àbá ìwádìí tó kọ́kọ́ gbé wá kún fún ìyìn: bí a ṣe fẹ́ràn ara wa tó, bí a kì í ṣe í fi ẹni wa sílẹ̀. Mo ní kó fi ìyìn sílẹ̀ ná. Mo ní kó tọpa ilé kan ṣoṣo, kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: ta ló mú ọmọ lọ síléèwé, ta ló se oúnjẹ, ta ló fọ aṣọ, ta ló mówó jáde, ta ni wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé Àǹtí ló yàn.

Ìdí tó fi yàn án ni pé òun náà ń ṣe kéà. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni òfin fún akẹ́kọ̀ọ́ bíi tirẹ̀ láyè láti ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́, ilé-iṣẹ́ kan náà ni òun àti Àǹtí sì wà. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń lọ sílé arúgbó kan tí ẹnì kan kò lè dá gbé. Wọ́n á débẹ̀ kí agogo méje tó lù, wọ́n á tẹ nọ́ńbà sí àpótí kékeré tó wà lára ògiri kí wọ́n tó rí kọ́kọ́rọ́ mú, wọ́n á wọ ìbọ̀wọ́, wọ́n á fi ẹ̀rọ hoist gbé ìyá arúgbó náà dìde, wọ́n á pààrọ̀ páàdì, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á pa ìpara sí i lára, wọ́n á fún un lóògùn, wọ́n á sì fọwọ́ sí ìwé oògùn. Ìṣẹ́jú 30 ló wà lórí fóònù fún gbogbo ìyẹn. Bí wọ́n bá jáde, ìrìn láti ilé yẹn dé ilé tó kàn, lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ilé-iṣẹ́ náà kì í san án. Láti nǹkan bí agogo 11 òwúrọ̀ títí di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò sí ilé kankan fún wọn. Orí bẹ́ǹṣì ibùdókọ̀ ni Àǹtí máa ń jókòó sí nígbà yẹn, kó má baà san owó bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì. Wákàtí 39 lọ́sẹ̀ ni wọ́n kọ sínú ìwé tó fi gba físà. Ó ṣọ̀wọ́n kí ohun tí fóònù máa fún un tó ìdajì rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan rota, ìyẹn ètò iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, ṣófo. Àwọn òṣìṣẹ́ rò pé fóònù ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n ń pa á, wọ́n ń tàn án. Ìgbà tó ṣe ni wọ́n gbọ́ pé Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ físà, ti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà.

Ẹni tí kò bá mọ bí ètò yìí ṣe rí lè rò pé kí ó kàn wá iṣẹ́ mìíràn ni. Bí láísẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́ bá ti lọ, Home Office á kọ lẹ́tà sí òṣìṣẹ́, wọ́n á gé físà rẹ̀ kù sí ọjọ́ 60. Kí ọjọ́ 60 náà tó pé, ó gbọ́dọ̀ rí ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ní láísẹ́ǹsì, kó sì béèrè físà tuntun, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó di ẹrù rẹ̀. Lẹ́tà náà kì í sì í tètè dé. Iṣẹ́ ti dúró, owó ti tán, ọjọ́ ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san fún aláìníṣẹ́ kò kàn án, nítorí físà rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ohun tí àwọn ènìyàn ṣe ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ kò yà mí lẹ́nu. Ìjọ gbé àpò ìrẹsì, ẹ̀wà àti èlùbọ́ wá. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú dáwó, wọ́n sì ka orúkọ àwọn tó dá a nípàdé. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àjọ ṣe èyí tó ṣòro jù: wọ́n jẹ́ kí ó kó kí ó tó kàn án, obìnrin tí ó kàn gan-an sì fà sẹ́yìn. Owó ilé ti ibẹ̀ jáde. Gbogbo ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ń kọ sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ní ohun tí òun sọ nínú àbá òun ló ń ṣẹ yìí.

Nǹkan méjì ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Aṣojú kan pe Àǹtí, ó ní òun ní CoS tí òun fẹ́ tà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni, kí ó kọ́kọ́ san díẹ̀ sílẹ̀. Àǹtí wá bẹ akẹ́kọ̀ọ́ náà pé kó ṣe onídùúró fún òun lọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ yá òun lówó. Èkejì ni ohùn kan tó ń káàkiri lórí WhatsApp, ohùn ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí lọ́yà, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí, pé oníṣẹ́ kéà tó bá yí ilé-iṣẹ́ padà lẹ́yìn oṣù kẹta ọdún 2024, físà àwọn ọmọ rẹ̀ ti kú nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Àǹtí ti ń wo iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọmọ méjì lọ sí Èkó.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà pè mí lóru. “Prof, ẹ má bínú pé ilẹ̀ ti ṣú. Mo ti kà á lórí ìkànnì ìjọba, kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n sọ fún wọn?”

Mo ní kó má sọ ọ́. Kì í ṣe pé mo rò pé ó ṣì í kà. Láti ọdún 1999 ni òfin ti wà pé ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ tàbí tí kì í ṣe lọ́yà kò gbọdọ̀ máa ṣe iṣẹ́ ìmọ̀ràn nípa físà, ì báà jẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ìyẹn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé ìwé ìwádìí dání wọlé kì í ṣe ọ̀rẹ́ lásán mọ́, ohun tó bá sọ, ilé ìwé gíga ni wọ́n á rò pé ó sọ ọ́. Bí ó bá sì fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣìnà, àwọn ọmọ ló máa jìyà rẹ̀, kì í ṣe òun. Mo ní kó bá Àǹtí lọ sí law centre tó wà ní ìlú tó súnmọ́ wọn, níbi tí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ti ń gbani nímọ̀ràn láìgba kọ́bọ̀, kó jókòó tì í, kó má sọ̀rọ̀. Ní ti àjọ, mo ní kó máa dá owó tirẹ̀ lọ bó ṣe ń dá a kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má ṣe onídùúró. Ó dùn ún. Ó ní ojú ń ti òun láti kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n òun lẹ́nu. Mo ní kó fi lé mi lórí, kó sọ pé èmi ni mi ò gbà. Alábòójútó tí kò bá lè ru irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi í ṣe.

Wákàtí kan péré ni wọ́n lò ní law centre. Ẹni tó wà lábẹ́ ètò náà kí ọjọ́ 11 oṣù kẹta tó dé lè mú àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra kódà bó bá yí ilé-iṣẹ́ padà. Títa CoS kò bófin mu, owó tí ó bá kó fún aṣojú yẹn ti wọ igbó. Ọ̀rọ̀ kẹta tí wọ́n sọ ni Àǹtí kò fẹ́ gbọ́: pé bí oúnjẹ àwọn ọmọ bá ń di wàhálà, kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ní agbára lábẹ́ òfin ọmọdé ti ọdún 1989 láti ran ọmọ náà lọ́wọ́, físà ìyá rẹ̀ ò dí ìyẹn lọ́wọ́. Kánsù kẹ̀? Àǹtí ní wọn ò ní rí òun lójú ọ̀nà ibẹ̀. Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Iṣẹ́ tuntun ò ti ọ̀dọ̀ aṣojú wá, kò sì ti inú ìjọ wá. Ọmọ ìyá arúgbó tí wọ́n ń fi hoist gbé ló gbọ́ pé àwọn obìnrin méjì tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ ò ní wá mọ́, ó bínú, ó wá nọ́ńbà Àǹtí kàn, ó sì tọ́ka ilé ìtọ́jú kan sí i ní ìlú tó jìnnà, wákàtí méjì nínú ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ní láísẹ́ǹsì. Wọ́n fún un ní CoS láìgba owó, ó béèrè físà kí ọjọ́ 60 tó pé, ó dúró, ó sì rí i gbà. (Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìjọba ní kí ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba oníṣẹ́ kéà láti òkèèrè wá sí Ẹ́ńgílándì kọ́kọ́ wá ẹni láàárín àwọn tí ilé-iṣẹ́ wọn ti dojú dé bíi tirẹ̀. Ìyẹn ò tíì sí nígbà tiwọn.)

Ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n fún un, òun àti òṣìṣẹ́ mìíràn ni wọ́n jọ ń sùn síbẹ̀, wọn ò sì gba ọmọdé. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà ti wà ní kíláàsì kẹfà, ìdánwò ń bọ̀ ní oṣù karùn-ún. Àbúrò rẹ̀ kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Mọ́mì ní, “Máa lọ, fi wọ́n sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ṣé ọmọ méjì náà ni mi ò ní lè fún lóúnjẹ?” Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì kó bẹ́ẹ̀dì sínú yàrá kejì nínú ilé kánsù tó ń gbé.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Òfin Ẹ́ńgílándì sọ pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe òbí rẹ̀ tàbí ìbátan tímọ́tímọ́, òbí àti ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ jẹ́ kí kánsù gbọ́. Àwọn tí òfin kà sí ìbátan tímọ́tímọ́ ni bàbá àgbà, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò, arákùnrin tàbí arábìnrin òbí, àti ọkọ ìyá tàbí ìyàwó bàbá. Mọ́mì kò sí nínú wọn. Fífi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní Ìlú Ọba kì í sì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Láàárín ọdún 1950 sí 1980, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn Yorùbá pọ̀ nínú wọn, máa ń fi ìpolówó sínú ìwé ìròyìn láti wá ìdílé òyìnbó tí yóò bá wọn tọ́ ọmọ kí wọ́n lè kàwé. Esther Goody, onímọ̀ antropọ́lọ́jì, ṣèwádìí lórí àwọn ìdílé bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì fi hàn pé ní ojú àwọn òbí náà, bí wọ́n ṣe ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn kó bá wọn tọ́ ọ nílé ni wọ́n ṣe é. Nígbà tó di ọdún 2000, Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Côte d’Ivoire, kú ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́wọ́ ìyá kan tó jẹ́ ìbátan bàbá rẹ̀ àti ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé. Òfin wá le sí i lẹ́yìn ìwádìí lórí ikú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò yé ẹnikẹ́ni títí tíṣà fi béèrè lọ́wọ́ ọmọ kékeré náà pé ta ni ìyá àgbà tó ń wá mú un. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣí ìwé rẹ̀, ó ka ọjọ́, ó rí i pé wọ́n ti kọjá 28. Ó wá bá mi. Àwọn ọ̀nà méjì ló rí: kí ó pe kánsù fúnra rẹ̀, tàbí kí ó dákẹ́, nítorí pé ó ti ṣèlérí àṣírí. Ìlànà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ antropọ́lọ́jì Ìlú Ọba sọ pé bí ohun tí ìwádìí ń fẹ́ àti ire àwọn tí a ń bá ṣiṣẹ́ bá forí gbárí, ire tiwọn ló gbọ́dọ̀ borí. Ṣùgbọ́n ire ta ni nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ti ìyá, ti Mọ́mì, àbí ti ọmọ?

Mo bi í léèrè bóyá ó rí ohunkóhun tó fi ń bẹ̀rù fún àwọn ọmọ náà. Rárá. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn, wọ́n ń lọ síléèwé. Ká ní ó rí i ni, ọjọ́ yẹn gan-an la bá ti pe kánsù, ìwé ìfọwọ́sí tí Àǹtí kọ orúkọ sí sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kò ti sí ewu, òbí àti ẹni tó gba ọmọ ni òfin ní kó lọ sọ̀rọ̀, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tó kù fún un ni pé kó jẹ́ kí wọ́n mọ òfin náà, lójú ara wọn, kó sì ní nọ́ńbà law centre lọ́wọ́ nígbà tó bá ń sọ ọ́. Mo ní kó má ṣe é lórí fóònù.

Ilé ìdáná Mọ́mì ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé tí Àǹtí wálé. Mọ́mì gbé e gbóná. “Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ wá wo bẹ́ẹ̀dì mi? Èmi tí mo tọ́ ọmọ mẹ́rin?” Àǹtí ń sunkún, ó ní kí wọ́n dákẹ́, kí ó kàn wá kó àwọn ọmọ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní òun dákẹ́, òun ń gé ewédú lọ. Ìgbà tó pẹ́ ni Mọ́mì fi ahọ́n lé ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ kò gbọ́ rí: Ìlú Ọba níbí ni wọ́n bí i, nígbà tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ ìmọ̀ òfin, ìdílé òyìnbó kan létí òkun ló sì gbé títí ó fi tó ọmọ ọdún méje kí wọ́n tó mú un lọ sílé. Ó ní ìyá òyìnbó náà dáa. Ó ní ọmọkùnrin rẹ̀ kò dáa. “Kò sẹ́ni tó wá wo bẹ́ẹ̀dì nígbà tèmi.” Ó nu ọwọ́, ó ní kí wọ́n bá òun tẹ nọ́ńbà kánsù.

Mi ò lè sọ pé ètò tí a ṣe ló mú un gbà. Òun ló mọ ìdí tó fi gbà.

Social worker, òṣìṣẹ́ kánsù tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, dé. Ó wo ibi tí wọ́n ń sùn, ó tẹ aago tó ń kìlọ̀ bí iná bá ń jó wò, ó sì bá ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ó bi èyí kékeré pé kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lóru. Ọmọ náà ní Mọ́mì máa ń jí òun lẹ́ẹ̀mejì kí òun lọ tọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí i kí àwọn ọmọ náà dúró síbẹ̀, wọ́n sì ń wá wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Kò sí ẹni tó gba ọmọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìbẹ̀wò yẹn náà ló jẹ́ kí a mọ̀ pé ọmọ kékeré náà lẹ́tọ̀ọ́ sí oúnjẹ ọ̀sán lọ́fẹ̀ẹ́ níléèwé bíi gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àti pé fún èyí ẹ̀gbọ́n, wọ́n lè béèrè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìtọ̀ lóru yẹn ni mo tún kà nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀mejì lóru, lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ọ́fíìsì ni Mọ́mì ń ṣe, alẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, ó sì ti fi ọjọ́ méjì sílẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà dá sùn. Owó ti dín. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà á láàmú. Nígbà tí a wo ohun tó wà lójú ìwé láti òkè délẹ̀, ta ló se é, ta ló fọ̀ ọ́, ta ló jí, obìnrin mẹ́ta péré ni orúkọ wọn ń jáde, Mọ́mì sì ni ó pọ̀ jù. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́, àwọn tí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ọkùnrin tó dáwó lẹ́ẹ̀kan ló pọ̀ nínú wọn. Mi ò ní kí wọ́n má dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí a bá ní “àwùjọ” ló tọ́jú ìdílé kan, ó yẹ ká lè fọwọ́ tọ́ka sí ẹni tí oorun rẹ̀ lọ sí i. Ọ̀pọ̀ ìwé tí àwa onímọ̀ yìí ń kọ lórí ìfẹ́ àárín àwọn aṣíkiri ló ń fò ó.

Mọ́mì gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ náà ka ojú ìwé kan sétí àwọn obìnrin ẹgbẹ́, láìdárúkọ owó ẹnikẹ́ni. Àgbà ọkùnrin kan tó jókòó tì wọ́n fárí gá. “Ṣé a ti wá ń ṣírò oore báyìí?” Ó dìde, kò sì padà wá sípàdé fún ìgbà díẹ̀. Àwọn obìnrin ò wò ó lẹ́yìn. Wọ́n pín òpin ọ̀sẹ̀ láàárín ara wọn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní mọ́tò gba ti gbígbé àwọn ọmọ lọ bíbọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ẹgbẹ́ sì ní kí wọ́n máa fi nǹkan díẹ̀ dí owó tí Mọ́mì pàdánù. Nǹkan díẹ̀ náà ni, kò tó.

Àjọ kò yọ láìfarapa. Obìnrin tó fà sẹ́yìn fún Àǹtí níbẹ̀rẹ̀ pẹ́ láti san owó iléèwé ọmọ rẹ̀ nílé, ó sì kúrò nínú àjọ náà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ tó kó. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Àǹtí ni ojú ń tì.

Lẹ́yìn ìdánwò oṣù karùn-ún, nígbà tí iléèwé gba ìsinmi gígùn, Àǹtí rí ilé kékeré kan háyà ní ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́, ó sì wá kó àwọn ọmọ rẹ̀. Gbèsè àjọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ní gbogbo àsìkò yìí, akẹ́kọ̀ọ́ náà ń rù. Iṣẹ́ tirẹ̀ náà ti lọ nígbà tí láísẹ́ǹsì lọ, ó rí òmíràn, ó ń ṣe wákàtí 20 rẹ̀, ó ń bá Àǹtí káàkiri, ó ń kàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá jẹ́ àlejò láàárín àwọn tó ń wádìí lè pa ìwé dé, kó lọ sílé. Ilé òun wà nínú ìwádìí náà. Mo pín ìpàdé wa sí méjì: apá kan fún iṣẹ́, apá kan tí a kò gbọdọ̀ dárúkọ iṣẹ́ rárá. Mo ní kó béèrè fún àfikún àkókò ní tààràtà, kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó má dúró títí yóò fi ṣàìsàn kí ó tó ní ìdí. Wọ́n fún un.

Èyí tó fa àríyànjiyàn jù láàárín àwa méjèèjì ni orí kẹta ìwé rẹ̀, orí tó kọ nípa àwọn ọmọ náà. Ohun tó dára jù tó kọ ni. Ó sì gé e kúrò. Yorùbá tó wà ní ìlú yẹn kò pọ̀, bí o tilẹ̀ pa orúkọ dà lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹni tó bá ka “màmá ìjọ tó gba ọmọ méjì” ti mọ ẹni tí ò ń sọ. Nígbà tí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò béèrè pé àwọn ọmọ náà dà, ó ní òun ò ní kọ ọ́. Èyí tí mo kọ síhìn-ín, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbọ́ ọ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n ní kí n yọ ti kúrò, èyí tí wọ́n sì ní kí n pa dà ti pa dà.

Fún àwọn tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí: òfin ọjọ́ 28 kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí a máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lẹ́nu tíṣà. Lọ́dọ̀ wa báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ wọ ilé àwọn oníṣẹ́ kéà máa kọ́kọ́ lo ọ̀sán kan ní law centre, kó mọ ohun tí òun lè sọ àti ibi tí òun ti gbọ́dọ̀ pa ẹnu mọ́. Ìlà kan ti wọnú ìwé ìfọwọ́sí, ní èdè Yorùbá, tó ń sọ ohun tí a máa ṣe bí a bá rí ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀, kí ìyá tó ń fọwọ́ sí i lè mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀. A sì ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó wà nínú àjọ àwọn tó fẹ́ lọ wádìí, iye tó ń dá, àti ẹni tó lè bẹ̀ ẹ́ ṣe onídùúró.

Alábàáṣiṣẹ́ mi kan rò pé a ti kọjá àyè wa. Ó ní ìwádìí ni wọ́n gbà wá fún, àwọn tí wọ́n ń sanwó fún láti wo ọmọ wà ní kánsù. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ìwọ̀n kan: àwọn náà ló wá wo ọmọ ọ̀hún, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí à ń rán lọ jókòó sílé ìdáná àwọn ènìyàn fún oṣù mélòó kan á rí ohun tí kánsù kò tíì rí, a kò sì lè ní kó gbé e sùn nìkan. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ìjọba kéde pé àwọn fẹ́ kí ọdún márùn-ún tí irú Àǹtí yóò lò kí ó tó gba ìwé ìgbélùú di mẹ́wàá. Bí ìyẹn bá kàn án, ọdún márùn-ún mìíràn ni físà rẹ̀ á fi rọ̀ mọ́ láísẹ́ǹsì ẹlòmíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń bọ̀ ní oṣù kẹsàn-án, méjì nínú wọn ti kọ̀wé sí mi pé ọ̀rọ̀ kéà ni àwọn fẹ́ ṣe.